Ọjọ́ Tí Kíbọ́ọ̀dù Àǹtí Onífọ́tò Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Àwọn àgbà tó sọ pé àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tanni jẹ, ó wù mí kí ẹnìkan bá mi mú wọn dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìbejì. Kí wọ́n jókòó síbẹ̀ díẹ̀. Kí wọ́n wo ọkùnrin tó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ń jẹun láti ìgbà èwe, ọwọ́ náà ló fi fẹ́yàwó, ọwọ́ náà ló fi tọ́ ọmọ méjì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kí wọ́n wá wo bí ọwọ́ ọ̀hún ṣe ń fojú rẹ̀ rí màbo. Bí wọ́n bá wò ó tán tí wọ́n tún pa òwe yẹn, èmi ò ní í bá wọn jiyàn mọ́, màá kàn dìde kúrò níbẹ̀ ni.

Iṣẹ́ kí a tún kọ̀ǹpútà ṣe ni Bàbá Ìbejì ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, kọ́tìnnì aláwọ̀ ewé ló pín in sí méjì. Ní iwájú, ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì, ń ta ṣájà, wáyà etí àti àpò fóònù. Ní ẹ̀yìn kọ́tìnnì, ọkọ ń tú ẹ̀rọ. Ọkùnrin náà kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Á máa bá síkúrù sọ̀rọ̀, á máa bẹ wáyà, á máa kí inú ẹ̀rọ bí ẹni ń kí àna. "Ẹ̀sọ̀ o," ni yóò máa wí, "ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." Ẹ̀rọ tó bá ti sú àwọn mìíràn ládùúgbò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ tutù, wọ́n ní kì í ya nǹkan.

Ọwọ́ yẹn náà ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Bí eré ló bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ó kọ́kọ́ ní àárẹ̀ ni. Ó sùn, ó jí, ó ṣì ń gbọ̀n. Bó bá gbé e lé itan, á máa gbọ̀n. Bó bá fi ọwọ́ òsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á dákẹ́. Bó bá tún ti jù ú sílẹ̀, ó tún di gbígbọ̀n. Ṣé ó sọ fún ìyàwó rẹ̀? Ọkùnrin! Ẹ̀yin náà kúkú mọ̀ wọ́n. Wọ́n á ki iná bọ àpò ṣòkòtò, wọ́n á ní ooru ló ń mú. Ó yọ́ lọ rí dókítà lẹ́ẹ̀kan. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀, kó fi ìka kan imú, kó kọ orúkọ ara rẹ̀ sórí bébà. Lẹ́yìn náà ó ní kó padà wá, ṣùgbọ́n kó mú ẹnìkan nílé dání tó bá ń bọ̀, kí àwọn lè jọ sọ ọ́. Bàbá Ìbejì dúpẹ́, ó jáde, kò sì padà lọ mọ́. Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ pé èèyàn méjì ló máa gbọ́ ọ kó tó ṣeé gbọ́, kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Kọ́tìnnì tí mo sọ yẹn, kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òun ló rà á, òun ló so ó. Ó ní eruku títì ń ba iṣẹ́ òun jẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti ń dá oníbàárà padà. Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ti kí á nu eruku inú ẹ̀rọ, tàbí kí á kàn fi ètò tuntun sí i, á gbà á. Bó bá ti di èyí tó ní wáyà tín-ín-rín àti síkúrù tó kéré bí irúgbìn tẹ̀tẹ̀, á na ọrùn jáde láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì, á mi orí, á ní, "Ẹ̀yà rẹ̀ ò sí lọ́jà mọ́ o. Ẹ ṣe sùúrù."

Ìyá Ìbejì ṣe sùúrù títí, ó sú u. "Bàbá Ìbejì, ṣé gbogbo ẹ̀yà ayé ló tán lẹ́ẹ̀kan náà ni? Ṣé wọ́n ń sin wọ́n ni?"

"Ọjà ló rí bẹ́ẹ̀."

"Ọjà wo? Ọjà tí gbogbo ará ibí yìí ń ná náà?"

Á tún wọ ẹ̀yìn kọ́tìnnì lọ. Bẹ́ẹ̀, ó mọ ohun tó ń dun obìnrin náà. Àwọn ìbejì, obìnrin méjèèjì, ti wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn nílé ẹ̀kọ́ gíga, ọwọ́ yìí kan náà ni wọ́n sì ń wò. Ṣájà àti àpò fóònù kò lè gbé ọmọ kan jáde, ká má ì tíì sọ méjì. Bí ọwọ́ yìí bá dáṣẹ́ sílẹ̀, gbogbo ilé ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó mọ̀, ó sì ń gbé e mì lójoojúmọ́.

Ó wá di ọjọ́ tí Àǹtí Onífọ́tò wọlé dé, òwúrọ̀ ni. Obìnrin tó ń ya fọ́tò kiri ni, ará ẹ̀yìn òpópónà. Ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé ni. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lé orí gíláàsì ọjà Ìyá Ìbejì, ó ní tí òun bá ti ṣí fọ́tò méjì pọ̀, ẹ̀rọ náà á dúró gbagidi, kò ní í lọ síwájú, kò ní í padà sẹ́yìn, bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Wọ́n ti sọ fún un pé mẹ́mórì ló kéré. Ó ti ra òmíràn, ó fi ọ̀rá wé e, ó dì í mú gírígírí. Fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé kan tó ń jáde lọ́dún yìí wà nínú ẹ̀rọ náà, ọ̀sán ọjọ́ yẹn gan-an ni yóò sì kó wọn fún wọn.

"Mẹ́mórì lásán?" Ìyá Ìbejì rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ dé, kò ní í jẹ́ kó lọ. "Ẹ jókòó, àǹtí mi. Kẹ́ ẹ tó mu omi tán, ọkọ mi á ti fi í sí i."

Bàbá Ìbejì gbọ́ ọ lẹ́yìn kọ́tìnnì, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn díẹ̀. Mẹ́mórì kò le. Lábẹ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, ìdérí kékeré kan ló wà níbẹ̀. Síkúrù kan, ẹ tú u, ẹ ki mẹ́mórì bọ ihò rẹ̀, á dún ká, ó parí. Ọwọ́ tó ń gbọ̀n náà lè ṣe é. "Gbé e wá," ló wí, ohùn rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí tàná.

Ó da ẹ̀rọ náà dojú bolẹ̀. Ìdérí kò sí.

Ó tún un yí. Kò sí! Ó jẹ́ irú èyí tí àwọn tó ṣe é fi mẹ́mórì pamọ́ sí abẹ́ kíbọ́ọ̀dù. Kí a tó dé ibẹ̀, a ó kọ́kọ́ yọ kíbọ́ọ̀dù, a ó sì tú wáyà pẹlẹbẹ tín-ín-rín tí wọ́n ń pè ní ríbọ́ọ̀nù, èyí tó so kíbọ́ọ̀dù mọ́ inú ẹ̀rọ. Tí a bá sì ṣe tán, a ó dá gbogbo rẹ̀ padà. Bàbá Ìbejì gbé ẹ̀rọ náà kalẹ̀. Ó la ẹnu láti sọ ọ́ bó ṣe máa ń sọ ọ́, pé ẹ̀yà rẹ̀ ò sí lọ́jà, ó tún pa ẹnu dé. Ẹ̀yà rèé, oníǹkan ló fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e wá, nínú ọ̀rá! Irọ́ tó ti ń gbà á là látọjọ́ yìí, ọjọ́ tó nílò rẹ̀ jù ló já a kulẹ̀.

"Àǹtí, ó máa pẹ́ díẹ̀ o. Ẹ lọ ṣe nǹkan mìíràn, kẹ́ ẹ padà wá."

"Èmi? Láéláé!" ni Àǹtí Onífọ́tò wí, ó sì fìdí lé bẹ́ǹṣì. "Mo gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ fún ẹnìkan rí. Nígbà tí mo padà dé, ó ti yọ bátìrì mi, ó fi ògbólógbòó sí i. Ibí ni mo wà. Ojú mi rèé, ẹ̀rọ mi rèé."

"Ẹ má bínú sí i," ni Ìyá Ìbejì ń sọ, "ọwọ́ ọkọ mi kì í ya nǹkan. Ẹ bi ẹnikẹ́ni."

Ó gbọ́ ìyẹn náà. Ó rò ó pé ìbá sàn kí obìnrin náà bú òun.

Ó yọ bátìrì. Ó tẹ ìgbọ̀nwọ́ ọ̀tún mọ́ etí tábìlì, ó fi òsì di ọrùn ọwọ́ náà mú, ó ń tú síkúrù. Àwọn tó di kíbọ́ọ̀dù mú ní àmì kíbọ́ọ̀dù kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò wọn, èèyàn ò lè ṣì í. Ó tú wọn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ irin òòfà kí wọ́n má bàa sọnù, ó yí ẹ̀rọ náà padà. Kíbọ́ọ̀dù tó bá lẹ́kọ̀ọ́ ilé, bí wọ́n bá ti yọ síkúrù rẹ̀ tán, tí wọ́n fi ike pẹlẹbẹ kàn án lórí, á gbé orí sókè fúnra rẹ̀. Èyí? Ó kọ̀ jálẹ̀. Igun kan dìde díẹ̀, ó tún lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ padà.

"Jọ̀ọ́, ọ̀rẹ́ mi," ó ń bẹ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Má ṣe mí báyìí. Lónìí nìkan."

Ó tún ki ike bọ̀ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ta gìrì, ike yọ̀, bọ́tìnnì kan ta jáde lára kíbọ́ọ̀dù, ó gba abẹ́ kọ́tìnnì lọ, ó dúró sẹ́bàá ẹsẹ̀ Àǹtí Onífọ́tò.

"Yéè! Ẹ gbà mí o! Kí ló já bọ́ yìí? Ṣé bọ́tìnnì mi kọ́ nìyí?"

"Kò sí nǹkan kan. À á dá a padà."

"Kò sí nǹkan kan kẹ̀? Ó ń fò bí tata!"

Ìyá Ìbejì mú bọ́tìnnì náà, ó na ọwọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọ́tìnnì gbé e fún un, kò wọlé. Ó ń fi ohùn rírọ̀ pa Àǹtí lẹ́kún. Lẹ́yìn kọ́tìnnì lọ́hùn-ún, ọkọ rẹ̀ ki ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ itan, ó jókòó lé e lórí. Ọwọ́ náà ń gbọ̀n lábẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ yìí ni, ló ń wí nínú ara rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rọ. Kíbọ́ọ̀dù kékeré báyìí, mo ti yọ irú rẹ̀ nígbà tí mo ń sọ̀rọ̀, nígbà tí mo ń jẹun, wọ́n ń bọ́ sí mi lọ́wọ́ wẹ́rẹ́. Ó ti tán. Mo ní kí ẹ má pè é ní ọ̀lẹ o. Ẹni tí nǹkan bá ṣe ní kọ̀rọ̀ ló mọ bó ṣe ń rí.

Nítorí kó lè ṣe bí ẹni ń ṣe nǹkan, ó tún da ẹ̀rọ náà délẹ̀. Ó ń fi èékánná ha ìdọ̀tí kan tó wà nítòsí ẹsẹ̀ rọ́bà rẹ̀, ó ti dúdú mọ́ ara ẹ̀rọ náà. Ìdọ̀tí náà ká sókè létí. Kì í ṣe ìdọ̀tí. Sítíkà ni.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Àwọn atúnkọ̀ǹpútà ládùúgbò náà ní ọgbọ́n kan. Bí wọ́n bá ṣe ẹ̀rọ tán, wọ́n á gé sítíkà pélébé, wọ́n á fọwọ́ sí i, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ bo síkúrù kan mọ́lẹ̀. Bí oníbàárà bá padà wá pariwo pé iṣẹ́ ti bàjẹ́, sítíkà ni wọ́n máa ń wò. Bó bá ti ya, ọwọ́ ẹlòmíràn ti débẹ̀ nìyẹn, kí olúwarẹ̀ máa lọ bá onítọ̀hún. Ọgbọ́n náà dára. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé ẹni tó bá gbàgbé ibi tó lẹ̀ ẹ́ sí lè máa fa ohun tí síkúrù ṣì dì mú.

Bàbá Ìbejì bó sítíkà náà. Síkúrù rèé lábẹ́ rẹ̀, àmì kíbọ́ọ̀dù rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó dì í mú bí ó ti wù ú. Ó bú sẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín náà le débi pé Ìyá Ìbejì ké sí i láti iwájú pé ta ló ń bá ṣeré.

"Síkúrù ni! Mo ti rí ìdí rẹ̀! Síkúrù ni, kì í ṣe ọwọ́..." Ó gé e síbẹ̀.

"Ẹ ní kì í ṣe kí ni?"

"Kò sí. Mo ti rí i."

Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tí wọ́n dá sílẹ̀ ní kóòtù. Gbogbo ìpayà yìí, síkúrù! Ó gbé sítíkà náà súnmọ́ iná kó lè mọ òpònú tó fi í sí ibi tó farasin bẹ́ẹ̀, kó bàa lè fi í ṣe yẹ̀yẹ́ tó bá rí i. Ó wò ó. Ó tún un wò. Ìfọwọ́sí òun fúnra rẹ̀ ni.

Ẹ̀rọ náà ti gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá rí, bóyá lọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún Àǹtí Onífọ́tò. Òun ló yọ kíbọ́ọ̀dù yìí nígbà náà, òun ló dá a padà, òun ló tì í pa. Ìfọwọ́sí náà kéré, kò tó èékánná, síbẹ̀ gbogbo rẹ̀ pé. Ìlà rẹ̀ gún, ẹnu òbírí tó fi parí rẹ̀ pàdé geere. Ó wo sítíkà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Níwájú dókítà lọ́jọ́sí, orúkọ tó kọ sórí bébà rìn kiri bí kòkòrò tó bọ́ sínú yíǹkì. Ẹ̀rín tó wà lẹ́nu rẹ̀ tán díẹ̀díẹ̀.

Ó tú síkúrù náà. Kíbọ́ọ̀dù gbé orí sókè, kò janpata mọ́. Ó fi èékánná òsì ṣí ike tó há ríbọ́ọ̀nù mọ́, ríbọ́ọ̀nù jáde. Ó fa mẹ́mórì kékeré yọ, ó ki tuntun bọ̀ ọ́, ó dún ká.

"Mo gbọ́ ọ!" ni Àǹtí Onífọ́tò wí níwájú. "Ó ti wọlé, àbí?"

"Ó ti wọlé."

Ó ku kí ríbọ́ọ̀nù padà sáyè rẹ̀. Ihò tó máa wọ̀ kò nípọn ju etí bébà lọ. Ó ní láti wọ̀ ọ́ gbọọrọ, kó kanlẹ̀, kí a tó ti ike náà pa. Ó mú un pẹ̀lú ẹ̀mú kékeré, ọwọ́ gbọ̀n, ó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Ó tún un mú. Ó gba òkè kọjá. Ó dá èémí dúró. Ó fi òsì di ọ̀tún mú, ó gbìyànjú, ó wọ̀ ọ́ wíwọ́, ó sì fà á jáde. Ó gbé e fún òsì nìkan, òsì kò mọ iṣẹ́ náà ṣe. Òógùn ń kán sórí tábìlì. Nígbà tó wo ẹnu ríbọ́ọ̀nù, ó rí i pé ó ti ń ká. Bí òun bá tún fi tipá kì í bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, á ya. Bó bá ya, kíbọ́ọ̀dù kú nìyẹn, irú rẹ̀ kò sí ládùúgbò, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́. Ọ̀sán á lé bá obìnrin yìí láìní fọ́tò tí yóò fi hàn.

Ó fi ẹ̀mú lélẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ó ti ń pẹ́ o," Àǹtí Onífọ́tò wí. Kò tilẹ̀ fi ìbínú sọ ọ́.

Ohun tó lè sọ pọ̀. Ó lè ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ kó tó débẹ̀. Ó lè ní mẹ́mórì tó rà kò bá a mu. Àwọn mìíràn nínú iṣẹ́ yìí ń sọ ọ́ lójoojúmọ́, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Ó wo kọ́tìnnì tí òun fúnra rẹ̀ so.

"Ìyá Ìbejì."

"Ẹ̀ẹ́n?"

"Wá."

Obìnrin náà ká kọ́tìnnì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀rín ṣì wà lójú rẹ̀. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ojú rẹ̀ kan ọwọ́ náà. Bàbá Ìbejì kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ mọ́. Ó gbé e kalẹ̀ gedegbe sórí tábìlì lábẹ́ iná, ó ń gbọ̀n, àwọn síkúrù tó wà lára irin òòfà ń mì pẹ̀lú rẹ̀.

"Kí ló ṣe ọwọ́ yín?"

"Fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Lọ fọ ọwọ́ rẹ, kó o nù ún kó gbẹ."

Kò bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ó fọ ọwọ́, ó nù ún mọ́ ìró, ó jókòó sórí àga ọkọ rẹ̀. Kò fọwọ́ kan inú ẹ̀rọ rí látọjọ́ tó ti délé ọkùnrin náà. Ọkọ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń sọ ọ́ sí i létí.

"Mú un bó o ṣe máa ń mú òwú tó o fẹ́ ki bọ abẹ́rẹ́. Rárá, fi ẹ̀mú sílẹ̀, ìka ni kó o lò. Ẹ̀sọ̀. Má tì í. Darí rẹ̀, kó wọlé fúnra rẹ̀."

"Ó ti wọlé?"

"Ó kù díẹ̀. Bẹ́ẹ̀. Ti ike yẹn mọ́ ọn."

Ike dún. Wọ́n tẹ kíbọ́ọ̀dù padà, obìnrin náà ló mú síkúrù, òun náà ló tún bọ́tìnnì tó fò lẹ̀ padà. Wọ́n dá bátìrì padà, wọ́n tan ẹ̀rọ. Ó jí, ó ka mẹ́mórì tuntun náà, ó ṣí fọ́tò àwọn ọmọ ilé ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan, kò dúró níbì kankan. Àǹtí Onífọ́tò fò sókè. Ó sanwó, ó gbé ẹ̀rọ mọ́ àyà, ó fẹ́ẹ́ jáde tán kó tó yí padà sí Bàbá Ìbejì, ó ń ṣàdúrà bí gbogbo oníbàárà tí inú rẹ̀ bá dùn ṣe máa ń ṣe.

"Ọwọ́ yín ò ní í rọ o, bàbá!"

"Àmín," ni tọkọtaya náà wí.

Kò sí ẹlòmíràn ní ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ìyá Ìbejì kò padà sí ibi ọjà rẹ̀. "Láti ìgbà wo?" ló bi í.

Ó sọ ọ́. Ó sọ ti kọ́tìnnì, ó sọ ti àwọn ẹ̀yà tó ní wọn ò sí lọ́jà, ó sọ ti dókítà tó ní kí òun mú èèyàn wá. Ó ń retí kó pariwo. Ó ti múra rẹ̀ sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́, ó ti mọ ohun tí òun máa fi dá a lóhùn. Obìnrin náà kò pariwo. Ó fi etí ìró nu ojú, ó ní, "Ó wá jẹ́ pé ẹ̀yin nìkan lẹ ń gbé e kiri látìgbà yẹn. Mo sì ń bá yín jà nítorí ọjà." Ìyẹn ni ọkùnrin náà kò múra sílẹ̀ fún.

"Ọ̀la la máa lọ rí dókítà yẹn. Ẹ gbé e wá kí n wò ó."

Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún fún un. Ìyá Ìbejì fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó, ó dì í mú, ó ń gbọ̀n síbẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí òròmọdìyẹ. Obìnrin náà wá wo ìsàlẹ̀, kò sì gbé ojú kúrò níbẹ̀ mọ́.

"Bàbá Ìbejì," ó ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Òsì ńkọ́?"

Ó wo òsì rẹ̀. Ó wà lórí itan rẹ̀, kò mú nǹkan kan, kò tẹ nǹkan kan mọ́lẹ̀. Àtàǹpàkò rẹ̀ ń ta díẹ̀díẹ̀. Látọjọ́ tó ti ń fi í di ọ̀tún mú, kò jù ú sílẹ̀ lófìfo rí tí yóò fi mọ̀ pé òun náà ti ń gbọ̀n.